Àbúrò mi ń lo oògùn bàìpólà, ó sì ń fọ́mọ lọ́mú: ẹ bá wa dá sí i

Ẹ̀gbọ́n Ìyálọ́mọ, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọjọ́ kẹrin rèé tí àbúrò mi bímọ. Ọkùnrin ni, ara rẹ̀ le, ó sì mọ ọmú fà. Ọdún keje rèé tí dókítà ti sọ fún wa pé bàìpólà ló ń ṣe ìyá rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, àìsàn ọpọlọ ni. Á gbé èèyàn sókè débi pé kò ní í sùn, ẹnu rẹ̀ kò ní í dákẹ́, á máa náwó bí ẹni tó ń da omi nù. Bó bá tún yá, á rì í mọ́lẹ̀ tí kò ní í lè dìde wẹ̀. Oògùn ló mú un dúró láti ọdún yìí wá. Ó ń ṣiṣẹ́, ó lọ́kọ, ó sì gbé oyún náà dé òpin wọ́ọ́rọ́wọ́. Quetiapine ni wọ́n fún un nígbà tó lóyún.

Ohun tó gbé mi wá rèé. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní kó dá oògùn dúró, pé májèlé ni ọmọ ń mu. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ní kó má fọ́mọ lọ́mú rárá, kí á ra mílíìkì alágolo. Níbi tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ náà, mo lọ ka páálí oògùn láàárọ̀ yìí. Kò tíì lo ẹyọ kan láti ọjọ́ tó bímọ. Ó ní òun kò fẹ́ kó ran ọmọ. Lóru àná, mo jí laago mẹ́ta, mo bá a níbi tó ti ń to aṣọ ọmọ, tó ń kọrin, ojú rẹ̀ mọ́ kedere bí ẹni tó ti sùn fún ọjọ́ méjì. Ìkómọ ku ọjọ́ mẹ́rin. A ti san owó kánọ́pì. Kí ni ká ṣe?

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀ṣà, Iléṣà

Ẹ kú ewu ọmọ o, àǹtí. Wọ́ọ̀dù ìyálọ́mọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ má dúró de ìkómọ. Ẹ pe dókítà rẹ̀ nísinsìnyí. Bí ẹ kò bá rí i bá sọ̀rọ̀, ẹ gbé òun àti ọmọ lọ sí ilé-ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ níbẹ̀ ní Ifẹ̀, wọ́n ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, orin aago mẹ́ta òru yẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Àwọn àgbà wa mọ nǹkan yìí tipẹ́, wọ́n sì fún un lórúkọ: abísínwín. Nínú abiyamọ 1,000, ẹni 1 tàbí 2 ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn tó ti ní bàìpólà tẹ́lẹ̀, ó tó nǹkan bí ẹni 1 nínú 5. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá wo ibi tí ọjọ́ kẹjọ bọ́ sí. Ìyá tí kò tíì sùn dáadáa láti ìgbà ìrọbí, ilé kún, àlejò ti ń kanlẹ̀kùn láàárọ̀ kùtùkùtù, jẹnẹrétọ̀ ń dún, àwọn alásè ti dáná láti òru. Àìsùn nìkan tó láti gbé ẹni tó ní bàìpólà sókè, ká má tíì sọ ti oògùn tí kò lò.

Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn tí ẹ̀yin kò gbọ́, tàbí tó ní ọmọ náà kì í ṣe tòun, tàbí tó ní wọ́n fi ọmọ náà ránṣẹ́ láti ọ̀run fún iṣẹ́ kan, tàbí pé àwọn kan fẹ́ pa á, ẹ má fi òun àti ọmọ sílẹ̀ láwọn nìkan, bó ṣe ìṣẹ́jú tí ẹ fẹ́ fi pọnmi. Ẹ gbé e lọ sílé-ìwòsàn lóru náà. Ẹ má dè é mọ́lẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nà án.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Ilé-Ifẹ̀

Àǹtí, èmi náà ló ń ṣe. Mo fẹ́ kí ẹ ka èyí fún àbúrò yín.

Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, fúnra mi ni mo pa oògùn tì. Gbogbo èèyàn ló ń yìn mí pé abiyamọ tòótọ́ nìyí. Ọjọ́ kẹta, kẹrin, inú mi ń dùn, mo ń fọṣọ lóru, mo ń kọ orúkọ àwọn tí màá fún lóúnjẹ. Mo rò pé ayọ̀ ọmọ ni. Ní ọjọ́ kọkànlá, mo pọn ọmọ jáde lóru. Mo ti dé Ìrémọ kí ọlọ́dẹ kan tó dá mi dúró. Mo ní mò ń gbé e lọ fi han Ọọ̀ni. Oṣù méjì ni mo lò lọ́dọ̀ àwọn dókítà. Nígbà tí mo padà sílé, ọmọ kò mọ òórùn mi mọ́, ọmú tí mo tìtorí rẹ̀ pa oògùn tì sì ti gbẹ.

Ti ìkejì, a kò dúró kí ọmọ dé ká tó sọ̀rọ̀. Oyún wà ní oṣù méje nígbà tí èmi, ọkọ mi, ìyá mi àti dókítà jókòó, tí a kọ ọ́ sínú ìwé: oògùn tí n ó lò, ẹni tí yóò gbà mí lóru, àwọn àmì tí wọ́n bá rí lára mi tí wọn kò ní í gbọ́ àwáwí mi. Èmi fúnra mi ni mo sọ àwọn àmì yẹn fún wọn, torí èmi ni mo mọ̀ wọ́n. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í to ilé lóru, bí mo bá ń pe àwọn tí a kò ti sọ̀rọ̀ láti ọdún márùn-ún, ó ti ń bọ̀ nìyẹn.

Oorun ni a fi ṣe òpó. Láago mẹ́sàn-án alẹ́, màá fọ́mọ lọ́mú, màá lo oògùn mi, màá lọ sùn sí yàrá kejì, màá ti ilẹ̀kùn. Ìyá mi ló ń gba ọmọ. Bó bá jí, yóò fún un ní omi ọmú tí mo ti fún sílẹ̀, inú ife kékeré ló ń bù ú. Kò gbọdọ̀ pè mí títí aago mẹ́ta. Wákàtí mẹ́fà. Ojúmọ́ bá mọ́ tán, ọmọ a máa mu ọmú nígbàkígbà tó bá fẹ́. Ìyá mi fẹ́ràn kó máa wẹ ọmọ ní ìdájí, láago márùn-ún, bí wọ́n ṣe wẹ̀ ẹ́ nígbà tirẹ̀. A bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbé ìwẹ̀ náà sí aago mẹ́jọ. Àwọn tí kò ní àìsàn yìí lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Wákàtí mẹ́ta yẹn gbé mi dúró.

Ọmọ náà mu ọmú fún ọdún kan ààbọ̀.

Ti ìkẹta, nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ara mi ti ń lọ sókè, dókítà sì fẹ́ dá mi padà sórí oògùn tí wọ́n ń pè ní lithium. Mo já ọmọ lẹ́nu ọmú, mo sì fún un ní mílíìkì alágolo. Mo sunkún fún ọjọ́ méjì. Ọmọ náà ti wà ní pírámárì báyìí. Ti àkọ́bí ló ṣì ń dùn mí, oṣù méjì tí mi ò rí i yẹn. Ti mílíìkì kò dùn mí mọ́.

Ìyá Ìjọ, Iléṣà

Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ. Ṣùgbọ́n mo fojú ara mi rí ọmọ aládùúgbò wa kan tí ìyá rẹ̀ ń lo oògùn ọpọlọ. Oorun ni ọmọ náà ń sùn ṣáá, kò lè fa ọmú, ó ń rù. Ṣé a óò ní kò rí bẹ́ẹ̀? Ní tèmi, kí wọ́n gbàdúrà, kí wọ́n wá àgbo tó ń tu ara fún ìyá, kí ọmọ lè mu ọmú tó mọ́.

Apòògùn Lágere, Ilé-Ifẹ̀

Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Ohun tí ẹ rí lè ṣẹlẹ̀ dáadáa. Oògùn ń wọ omi ọmú, a kò lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tó ń wọ̀ ọ́ yàtọ̀ láti orí oògùn kan sí èkejì, ibẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀.

Quetiapine tí àbúrò wa ń lò, àti olanzapine, díẹ̀ gan-an ni wọ́n ń dé inú omi ọmú. Wọ́n wà lára àwọn tí dókítà sábà máa ń yàn fún ìyá tó fẹ́ fọ́mọ lọ́mú. Ohun tí a ó máa ṣọ́ ni bí ọmọ bá ń sùn jù, bí a bá ní láti máa jí i kó tó jẹun, tàbí bí kò bá sanra bó ṣe yẹ. Bí ẹ bá rí ìyẹn, ilé-ìwòsàn ni, kì í ṣe kí ìyá sáré dá oògùn dúró nílé.

Lithium ló gba ìṣọ́ra jù. Ó ń wọ omi ọmú dáadáa, kíndìnrín ìkókó kò sì tíì gbó tó láti tọ̀ ọ́ dànù. Ọ̀pọ̀ dókítà yóò ní kí ìyá má fọ́mọ lọ́mú lórí rẹ̀. Àwọn mìíràn máa ń gbà bí oṣù ọmọ bá pé kí wọ́n tó bí i, tí ara rẹ̀ le, tí ẹ sì lè máa mú un wá kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ọjọ́ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń gbuuru, tó ń bì, tí ara rẹ̀ gbóná tàbí tí kò fẹ́ mu ọmú, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ, torí bí omi ara rẹ̀ bá gbẹ, oògùn yóò pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ìyá tó ń lo lithium náà ní tirẹ̀ láti ṣọ́. Lẹ́yìn ìbímọ, kíndìnrín kì í tọ oògùn náà dànù kíákíá bíi ti ìgbà oyún mọ́, nítorí náà ìwọ̀n tó bá a mu nínú oyún lè pọ̀ jù fún un báyìí. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ibuprofen àti diclofenac, tí wọ́n sábà máa ń fún ìyálọ́mọ fún inú rírun, lè gbé lithium sókè débi ewu. Paracetamol ni kó lò. Kó máa mu omi dáadáa, kó má sì ṣàdédé yọ iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀.

Tegretol, ìyẹn carbamazepine, wọ́n sábà máa ń gbà á láyè pẹ̀lú ọmú. Ẹ ṣọ́ oorun ọmọ àti bí ojú rẹ̀ bá ń pọ́n bí òdo ẹyin. Ṣùgbọ́n ó máa ń sọ oògùn ìfètòsọ́mọbíbí di aláìlágbára, títí kan èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá. Lamotrigine ń wọ omi ọmú ju Tegretol lọ. Bí ara ọmọ bá sú, ẹ má fi òrí pa á kí ẹ máa wò ó, ẹ gbé e lọ. Ìyá tó wà lórí clozapine, kó má fọ́mọ lọ́mú.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí Epilim, ìyẹn valproate. Kékeré ló ń dé inú ọmú, èèyàn lè torí ìyẹn rò pé kò léwu. Inú oyún ló ti ń ṣe ìjàǹbá. Nínú ọmọ 10 tí ìyá wọn lò ó nígbà oyún, nǹkan bíi 1 ni wọ́n ń bí pẹ̀lú àbùkù ara, ọpọlọ àwọn bíi 3 tàbí 4 kì í sì dàgbà bó ṣe yẹ. Ìyálọ́mọ sì lè lóyún kí nǹkan oṣù tó padà. Obìnrin tó bá ń lò ó, kó bi dókítà bóyá a lè pààrọ̀ rẹ̀, kó sì ṣe ìfètòsọ́mọbíbí tó dájú.

Nǹkan méjì tí mo máa ń bá pàdé ní ìdí káńtà. Ẹni tó wá ra Lexotan tàbí Valium fún ìyálọ́mọ tí kò sùn: ọmọ ni yóò sùn jù. Ẹni tó wá ra amitriptyline fún ìyálọ́mọ tó fajú ro: oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì láìsí oògùn bàìpólà lábẹ́ rẹ̀ lè gbé e láti ìsàlẹ̀ fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò kì í tà á fún wọn.

Bó bá sì di pé ó fẹ́ já ọmọ lẹ́nu ọmú, àwọn oògùn tí wọ́n fi ń gbẹ ọmú, bromocriptine àti cabergoline, lè ru àìsàn yìí sókè. Ẹ sọ fún ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́ pé bàìpólà ń ṣe é. Kó máa dín ìgbà tó ń fún ọmú kù díẹ̀díẹ̀, aṣọ tútù yóò ràn án lọ́wọ́.

Ti àgbo, Màmá, mi ò mọ ohun tó wà nínú èyí tí ẹ ní lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n fi ọtí rẹ, àwọn kan sì ń mú èèyàn tọ̀ tàbí yàgbẹ́ gan-an. Lórí lithium, ìyẹn léwu púpọ̀. Àdúrà kò dí oògùn lọ́wọ́ rárá. Ẹ gbà á fún un, kó sì lo oògùn rẹ̀.

Ìyá Ìjọ, Iléṣà

Mo gbọ́, ọmọ mi. Mi ò mọ ti ọtí yẹn. Èmi yóò máa gbàdúrà fún un.

Bàbá Ìkókó, Modákẹ́kẹ́

Ẹ jẹ́ kí ọkọ náà sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi ló ń ṣe, ọmọ wa ti pé oṣù mẹ́sàn-án.

Inú pálọ̀ la ti sọ ọmọ wa lórúkọ. Èèyàn mẹ́wàá, oyin, iyọ̀, obì, orógbó, àdúrà, kò pé wákàtí kan tí gbogbo rẹ̀ fi parí. Ìyàwó mi jókòó fún orúkọ, ó sì padà lọ sùn. Inú bí àwọn ẹbí mi. Mo sọ fún wọn pé èmi ni mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n bá èmi jà. Nígbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́ta, a ṣe ìnáwó, wọ́n jó, wọ́n yó, ọ̀rọ̀ sì parí.

Àwa méjèèjì la jọ ń ka oògùn ní alẹ́. Mi ò kì í dúró lé e lórí bí ọlọ́pàá. Fóònù ń sùn ní yàrá mi. Káàdì báńkì wà lọ́wọ́ mi fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, òun ló sọ pé kó rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín nìyẹn, àǹtí. Ẹ má jókòó ṣèpàdé lórí rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá ọkọ ń sọ tirẹ̀, ẹ̀gbọ́n ń sọ tirẹ̀, òun alára ń sá fún oògùn ní ìkọ̀kọ̀. Bóyá kò sí ẹni tó bi í.

Mo ní ìbéèrè kan. Omi ọmú tó ń fún sílẹ̀, orí tábìlì la máa ń gbé e sí mọ́jú. Ṣé ó dára?

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀ṣà, Iléṣà

Kò dára, bàbá. Wákàtí mẹ́rin ló lè wà lórí tábìlì, bí yàrá bá tutù. Nínú ooru tiwa, ẹ má jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀. Nínú fíríìjì, ọjọ́ mẹ́rin, ṣùgbọ́n fíríìjì tí iná rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀ kì í ṣe fíríìjì. Ẹ wá fúláàsì oníyìnyín, ẹ kó o sínú rẹ̀. Ẹ má sè é. Inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ gbé ife náà sí. Bí omi ọmú kò bá sí, mílíìkì alágolo fún ìgbà kan lóru kì í ba ọmú jẹ́. Kí ẹni tó ń pò ó ka iye ṣíbí tó wà lára agolo, kó má là á jù nítorí owó.

Lóòótọ́, oṣù mẹ́fà ni a ń kọ́ àwọn ìyá pé kí wọ́n fi fún ọmọ ní ọmú nìkan, láìsí omi, láìsí àgbo. Èmi náà ń kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí ìyá tí a fi ẹ̀kọ́ yẹn nà títí ó fi wó.

Ìyá tó lo oògùn tó ń mú oorun wá, kó má gbé ọmọ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan náà. Ó lè sùn lé e láìmọ̀.

Ẹ mú ọmọ lọ fún ìwọ̀n déédéé. Káàdì tí wọ́n fi ń ya ìlà ìwọ̀n ọmọ yẹn, ilẹ̀ wa níhìn-ín ló ti gbilẹ̀. Dókítà David Morley ti ilé-ìwòsàn Wesley Guild níbí ní Iléṣà ló lò ó fún àwọn ọmọ Ìmèsí-Ilé ní àwọn ọdún 1950, kó tó tàn káyé. Bí ìlà náà bá ń gòkè, àmì dáadáa ni pé oògùn inú ọmú kò pa ọmọ lára, ìyá ọkọ náà yóò sì fojú ara rẹ̀ rí i.

Màmá Àgbà Ìlọ́rọ̀, Iléṣà

Ìyá ọkọ ni èmi náà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bá ẹni tó béèrè sọ̀rọ̀. Má bá ìyá ọkọ àbúrò rẹ jà. Ẹ̀rù ọmọ ló ń bà á. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà, iṣẹ́ ni kí o gbé lé e lọ́wọ́. Mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, kó gbọ́ ọ létí ara rẹ̀, kó bi wọ́n ní ìbéèrè tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbé ìtọ́jú ọmọ lóru fún un.

Nígbà tí wọ́n ṣí ilé-ìwòsàn ọpọlọ Arò ní Abẹ́òkúta ní 1954, Dókítà Lámbò kì í fẹ́ kí aláìsàn nìkan wá. Inú abúlé tó yí i ká ni wọ́n ń gbé, ìyá tàbí àbúrò á tẹ̀ lé e, á máa dáná fún un, á sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Ilé tiyín náà lè rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ìyálọ́mọ, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. A lọ ní alẹ́ ọjọ́ tí mo kọ̀wé sí yín. Mo ka ọ̀rọ̀ Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta fún un nínú mọ́tò. Nígbà tí mo kà á dé ibi Ìrémọ, ó di ọwọ́ mi mú. Wọ́n dá wọn dúró fún òru méjì, ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀. Ó ti padà sórí quetiapine, dókítà sì ní kó máa fọ́mọ lọ́mú lọ, kí á padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ bi dókítà ní ìbéèrè mẹ́fà. Mo kà wọ́n.

Inú pálọ̀ la ti sọ ọmọ lórúkọ láàárọ̀ yìí. Oníkánọ́pì gbà láti dá owó wa dúró di ọjọ́ mìíràn.

Àbúrò mi ti wọlé sùn láti aago mẹ́sàn-án. Aago kan ààbọ̀ ti lù báyìí. Ọmọ ti jí, mò ń gbọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń kì í ní oríkì wọn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó ń fi ife fún un. Ilẹ̀kùn yàrá kejì ṣì wà ní títì.